Ọjọ́ wo ni káńsù bẹ̀rẹ̀ sí í kà?

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣe búrẹ́dì. Ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ààrò amọ̀ ló fi ń yan án, àwọn tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn àti àwọn ọmọ iléèwé sì ni oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí ọjà wá ń yá, ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, ó sì ra ilẹ̀ kékeré kan tó fẹ́ kọ́ ilé búrẹ́dì sí. Wọ́n ní kó lọ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé kó tó gbé búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù. Kì í ṣe ẹni tó ń sá fún òfin. Ó sanwó fún ẹni tó ya pláànì, ó sanwó fún sọ́fíyọ̀, ó di ìwé rẹ̀ pọ̀, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìlú.

Àtìgbà náà ló ti ń lọ, tó ń bọ̀. “Màmá, fáìlì yín ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá.” “Màmá, ọ̀gá lọ sí ìpàdé.” “Màmá, ìwé owó-orí yín kò pé ọdún mẹ́ta, ẹ lọ mú un wá.” Nígbà tó mú un wá, wọ́n tún rántí pé ó ku ìwé mìíràn. Oṣù kan di méjì, méjì di márùn-ún, èlé owó tó yá kò sì bá ọ̀gá lọ sí ìpàdé, ojoojúmọ́ ló ń gun orí ara rẹ̀.

Mo tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ kan. Mo bi òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pé báwo ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó lọ́dọ̀ wọn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa.” Mo ní ọjọ́ mélòó ni “kì í pẹ́” yẹn jẹ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké sọ lónìí. Ọmọkùnrin náà kò purọ́ fún mi, kò kàn mọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ̀ pé ẹni tí kò bá ka owó tó wọlé àti owó tó jáde, kò lè sọ pé òun jèrè tàbí òun pàdánù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́fíìsì ìjọba. Ọ́fíìsì tí kò bá mọ iye ọjọ́ tí fáìlì ń lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ń dára sí i tàbí ó ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kíkà nìkan kọ́. Ohun tí èèyàn ń kà, àti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa ti rí ọgbọ́n níbẹ̀, wọ́n sì ti rí ẹ̀tàn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Káńsù ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń buwọ́ lu pláànì níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣòwò ní Peckham àti káàkiri Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ di ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń dáná tó ń yọ èéfín, ẹnu ọ̀nà káńsù ni wọn yóò kàn. Òfin ibẹ̀ ní kí káńsù dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ 8 fún iṣẹ́ kéékèèké, ọ̀sẹ̀ 13 fún iṣẹ́ ńlá, bíi ilé gbígbé 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 2002, ìjọba wọn gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo káńsù: nínú 100 iṣẹ́ ńlá, ó kéré tán 60 gbọ́dọ̀ gba ìdáhùn lásìkò, nínú 100 iṣẹ́ kékeré, 65, nínú 100 àwọn ìwé yòókù, irú èyí tí èèyàn fi ń tọrọ àyè láti fi yàrá kan kún ilé rẹ̀, 80. Láti ọdún 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún káńsù tó bá ṣe dáadáa lówó. Wọ́n sì ń gbé iye káńsù kọ̀ọ̀kan síta kí gbogbo ayé rí i.

Ó ṣiṣẹ́. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ṣùgbọ́n ọmọ aráyé gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ 8 jẹ́ ọjọ́ 56. Tí ọjọ́ 56 bá ti ń sún mọ́, tó sì ku ohun kékeré kan kí ìwé oníṣòwò pé, òṣìṣẹ́ lè kọ ọ́ sílẹ̀ kíá, nítorí pé “rárá” tó bọ́ sásìkò dára nínú àkọsílẹ̀ ju “bẹ́ẹ̀ ni” tó fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́. Tàbí kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ìwé rẹ̀ padà, kó tún un mú wá, torí ìwé tí oníǹkan fọwọ́ ara rẹ̀ gbà padà kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kà. Tàbí kí wọ́n sọ pé ìwé náà kò tíì pé, nítorí náà kíkà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2008, ìjọba ní kí Joanna Killian àti David Pretty yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ìwádìí wọn sì fi hàn pé òṣùwọ̀n ọjọ́ nìkan ń ti àwọn káńsù sí ìwà tí kò ran ẹni tó mú ìwé wá lọ́wọ́.

Wọ́n tún un ṣe. Òfin ọdún 2013 sọ pé káńsù tó bá kùnà òṣùwọ̀n lè pàdánù agbára rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé gbé ìwé rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́. Wọn kò ka ọjọ́ nìkan mọ́, wọ́n ń ka iye ìdájọ́ káńsù tí àwọn tó wà lókè yí padà nígbà tí ẹni tí wọ́n kọ̀ fún pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Tó bá ti lé ní 10 nínú 100 ìwé tí káńsù dáhùn, ọ̀rọ̀ di wàhálà. Ohun tó bá káńsù Uttlesford ní ọdún 2022 nìyẹn. Ọdún 2013 yẹn kan náà ni wọ́n sọ pé tí ọ̀sẹ̀ 26 bá pé láìsí ìdáhùn, kí káńsù dá owó ìwé padà fún oníǹkan. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó ti di ọ̀sẹ̀ 16 fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ńlá. Síbẹ̀, ihò kan ṣì wà: tí káńsù àti oníǹkan bá jọ gbà láti fi ọjọ́ kún ọjọ́, wọn yóò kà á sí pé ó bọ́ sásìkò. Oníṣòwò tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á kọ ìwé òun kò sì ní ṣe kó má gbà.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá gan-an. Nílẹ̀ wa, òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 pín iṣẹ́ náà láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù wá sọ ní ọdún 2003 pé ti ìpínlẹ̀ ni àṣẹ ètò ìlú. Ní Èkó, àjọ LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA ló ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi àbójútó ṣọ́ọ̀bù àti kíọ́sìkì, ọjà àti pátákó ìpolówó sọ́wọ́ káńsù. Oníṣòwò kan ṣoṣo lè kan ilẹ̀kùn méjì tàbí mẹ́ta kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù kan. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ló sì yẹ kó sọ iye ọjọ́ tí òun ń lò.

Ní tèmi, ohun tó yẹ kí wọ́n máa kà nìyí. Èkíní, kíkà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn mú ìwé wá tó sì gba rìsíìtì, kì í ṣe ọjọ́ tó wu ọ̀gá láti sọ pé ìwé pé. Tó bá ku nǹkan, kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì máa ka iye ìgbà tí wọ́n dá èèyàn padà.

Èkejì, kí wọ́n yé fi ìpíndọ́gba tàn wá. Tí fáìlì 10 bá wà, tí 9 lo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí ọ̀kan ṣoṣo lo ọ̀sẹ̀ 40, ìpíndọ́gba rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó lo ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ sọ iye àwọn tó pẹ́ jù fún wa, nítorí àwọn ni òwò wọn ń kú.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ya ilé búrẹ́dì sọ́tọ̀ kúrò lára ilé alájà mẹ́wàá. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n ka ìwé tí wọ́n kọ̀ àti ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n bi ẹni tó mú ìwé wá léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀, pàápàá ẹni tí wọ́n kọ̀ fún.

Àǹfààní kíkà kì í ṣe láti fi nà ẹnikẹ́ni. Ẹ wo aránṣọ. Ọjọ́ kan péré ló fi ń rán bùbá àti ìró, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oníbàárà fi ń dúró, torí inú àpò ni aṣọ ń sùn sí. Fáìlì náà kò yàtọ̀. Tí wọ́n bá ń kọ ọjọ́ tó dé orí tábìlì kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó kúrò níbẹ̀, wọ́n á rí tábìlì tó ń sùn sí. Bóyá ọ̀gá kan ṣoṣo ló lè buwọ́ lù ú, tí kò sì sí ẹni tó ń dúró fún un. Bóyá ìwé kan náà ni gbogbo èèyàn ń gbàgbé, tó jẹ́ pé pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà ì bá ti yanjú rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ yóò sọ pé àwọn kò pọ̀, mọ́tò tí àwọn fi ń lọ wo ilẹ̀ ti bàjẹ́, àti pé ayédèrú ayàwòrán ló ń ya pláànì fún wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò fi hàn ìjọba láti fi tọrọ òṣìṣẹ́ sí i, tí wọn kò bá ní àkọsílẹ̀? Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìkánjú ló ń wó ilé. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 pa èèyàn tó lé ní 40. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kánjú. Kí wọ́n ka ìgbà tí wọ́n lọ wo ìpìlẹ̀ ilé, bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ìwé. Nígbà tí ìwé bá sì ń pẹ́ jù, ṣe ni àwọn èèyàn á máa kọ́ ilé lóru láìgba àṣẹ, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Àwa náà kò mọ́ tó. A mọ ẹni tó ń fi owó sábẹ́ fáìlì kó lè yá. Ẹni tó san án lónìí ti ra ìdádúró fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ mú ìwé lọ, ọjọ́ tí wọ́n dá yín padà àti ohun tí wọ́n sọ. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kó ti èèyàn 20 jọ, kí wọ́n gbé e lọ bá alága káńsù àti ọ̀gá ètò ìlú. Òfin tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti ọdún 2011, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Ní ti ìjọba àpapọ̀, àṣẹ tí Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, nígbà tó ń delé fún ààrẹ, sọ pé kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó fẹ́, iye owó rẹ̀ àti iye ọjọ́ rẹ̀ síta. Ẹ bi ìpínlẹ̀ àti káńsù yín pé níbo ni tiwọn wà. Láti oṣù Keje ọdún 2024 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ti ní kí owó káńsù máa dé ọwọ́ wọn tààrà, ó tọ́ kí àwa náà máa béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn tààrà.

Ìwé ìyá oníbúrẹ́dì jáde ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà yẹn, ó ti ta ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun láti fi san gbèsè. Ẹ̀yìnkùlé ló ṣì wà títí di òní, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó dára nínú àpótí. Tí ọ́fíìsì náà bá ka iṣẹ́ rẹ̀ lópin ọdún, wọn yóò kọ fáìlì tirẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n ti yanjú.