Pa Ìwé Dé, Kí O Bi Ara Rẹ Léèrè

Ọmọ Kambolé tó kàwé dé Tchamba àti Sokodé, tó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Lomé, yóò bá iṣẹ́ ńlá pàdé: ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara. Eegun 206 ló wà nínú ara àgbàlagbà. Ọwọ́ kan ṣoṣo, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ní 27. Ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ gbogbo wọn lédè Faransé.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa ka ojú-ìwé kan náà ní àkàtúnkà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ojú wọn mọ ìwé náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò dúró nínú wọn. Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, fi hàn pé kíá ni ènìyàn ń gbàgbé ohun tó kọ́, àfi bí ó bá ń padà sí i.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ pa ìwé dé. Kí ó ya ọwọ́ sórí pépà, kí ó kọ orúkọ eegun kọ̀ọ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kí ó ṣí ìwé wo àṣìṣe rẹ̀. Kí ó tún un ṣe lọ́la, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà náà lè ṣèrànwọ́. Kí ó di ìwé mú, kí ó béèrè pé: "Kí ni orúkọ èyí?" Ibi tí ọmọ bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni kí ó tún kọ́. Eegun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ lónìí, aláìsàn ni yóò jìyà rẹ̀ lọ́la.