Ta ni ó di ìjánu mú?

Ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Ladjifarani: autonomie. Bí wọ́n bá ń ra fóònù, wọn a bèèrè autonomie rẹ̀, èyí ni iye wákàtí tí bátìrì rẹ̀ lè lò kí iná tó tán. Bí wọ́n bá dé kíláàsì fìlọ́sọ́fì, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa olùkọ́ fi ń ṣàlàyé òmìnira ọmọ ènìyàn. Orúkọ wọn jọra, ìwà wọn kò jọra.

Èdè Gíríìkì ni ó bí ọ̀rọ̀ náà: autos ni «ara ẹni», nomos ni «òfin». Ìlú tí ó ń ṣe òfin fún ara rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè. Ní 1785, Kant, onímọ̀ ará Jámánì, gbé e wọ inú ìwà ènìyàn: ẹni tí ó fi làákàyè ara rẹ̀ gbé òfin kalẹ̀, tí ó sì ń pa á mọ́ láìsí pàṣán lẹ́yìn rẹ̀, ni ó ní autonomie. Ẹni tí ó kàn ń ṣe bí ó ti wù ú kò tíì dé ibẹ̀. Yorùbá ń pe irú ìwà yìí ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Àwa tí a ń gbé ní Borgu, ilẹ̀ ẹlẹ́ṣin, mọ̀ pé ẹṣin kò lè di ìjánu ara rẹ̀ mú.

Ọ̀rọ̀ ìjánu yìí kan orílẹ̀-èdè pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1958, Dahomey di République nínú Communauté tí Faransé dá sílẹ̀: ó ń ṣàkóso ilé, ṣùgbọ́n owó, ààbò àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1960 kí ó tó gba òmìnira.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Láti 2016 ní Rwanda, àti láti 2019 ní Ghana, ni dróònù ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí ilé ìwòsàn láìsí ẹni tí ó ń wà á. Wọ́n ní ó ní autonomie. Síbẹ̀, ènìyàn ni ó la ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, ènìyàn ni ó sì ń fún un ní iná. Èdè wa kì í da nǹkan wọ̀nyí pọ̀: iná fóònù ń pẹ́, ẹ̀rọ ń dá ṣiṣẹ́, ènìyàn nìkan ni ó ń kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ewu ibẹ̀ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń fi gbogbo dissertation wọn lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ń dá kọ̀wé, ọmọ kò dá ronú mọ́. A kò ní kí ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ lè bi í léèrè ohun tí kò yé yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bi í, ẹ kọ èrò tiyín sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta. Ní ọjọ́ BAC, fóònù kì í wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.