Ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ: ẹ ka ọmọ kí ẹ tó ka búlọ́ọ̀kù

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà kò ṣá títí di òní, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ti yọjú sí i: níbo la ó ti kọ́ ọmọ náà, nígbà tí ilé tí a kọ́ sílẹ̀ fún un kò gbà á mọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí, kó yà sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba níbi tí ìlú ti ń fẹ̀, bíi ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, Ìkòròdú, tàbí àwọn abúlé tó ti di àdúgbò lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kó lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bá wọlé nínú oṣù kẹsàn-án. Yóò rí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ṣe fún ọmọ méjì, tí mẹ́rin jókòó lé. Yóò rí kíláàsì méjì tó pín yàrá kan, tí tíṣà kan kọjú sí ìlà oòrùn, tí èkejì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n jọ ń pariwo mọ́ ara wọn. Tí òjò bá ṣú, àwọn tó ń kàwé lábẹ́ igi á sáré wọlé, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ọmọ tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 35 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní yàrá 6, tí ọmọ 210 sì wà níbẹ̀, ó ṣe wẹ́kú, ọmọ 35 ni yóò kan yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí àdúgbò bá fẹ̀ tí ọmọ di 420, yàrá 12 ni wọ́n nílò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe yàrá nìkan. Olùkọ́ 12 ni wọ́n nílò pẹ̀lú, àti ìjókòó fún ọmọ 210 mìíràn, àti omi, àti ilé ìgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ lè lò láìsí ìtìjú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ nìyí. Ìjọba a kọ́ yàrá 3, wọn a fi ọ̀dà kùn ún, wọn a pe àwọn oníròyìn, ọlọ́lá kan a wá gé rìbọ́ọ̀nù. Olùkọ́ kan ṣoṣo kò sì lé sí i. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n á ti fi ọ̀kan nínú yàrá náà kó àga tó ṣẹ́ sí.

Kì í ṣe òní ni ọmọ ti ń pọ̀ ju yàrá lọ nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ń ka ojú-ewé yìí yóò rántí oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Olóyè S. O. Awókòyà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ló ti gbé àbá náà kalẹ̀ láti 1952. Lọ́dún kan péré, iye ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ó sì lé ní 800,000.

Níbo ni wọ́n kó gbogbo wọn sí? Ìjọba nìkan kọ́ ló kọ́lé. Àwọn ìjọ onígbàgbọ́, àwọn ẹgbẹ́ mùsùlùmí, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ àti àwọn ará abúlé ló jọ ṣe é. Níbi tí owó kò sí, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri. Aráàlú sì sanwó. Wọ́n bu owó ṣílè mẹ́wàá àtààbọ̀ lé àwọn tó ń san owó orí nítorí ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera, owó náà sì bí àwọn èèyàn nínú. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi lọ́wọ́ NCNC nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954, lórí ilẹ̀ wọn gan-an. Síbẹ̀ wọn kò pa ètò náà tì.

Ohun tó ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni olùkọ́. A lè fi oṣù mẹ́ta mọ ilé, ṣùgbọ́n a kò lè fi oṣù mẹ́ta tọ́ tíṣà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dúró níwájú ọmọ nígbà náà kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, àwọn òbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ọmọ ń lọ, ọmọ ń bọ̀, ìwé kò wọ̀ ọ́ nínú.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ọ̀rọ̀ náà tún ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún 1979, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ló ń ṣe ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Àwọn ọmọ kan á lo yàrá náà láàárọ̀, àwọn mìíràn á wọlé lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá ti mú. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bọ́ sí ti ọ̀sán mọ̀ pé ọmọ náà ti lè fi òwúrọ̀ kiri ọjà tán kó tó dé kíláàsì, orun ni yóò sì fi gba ẹ̀kọ́.

Ní 1980, Jakande fòpin sí i. Kò dúró de ilé olówó ńlá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá ló dìde kíákíá: ògiri lásán, páànù lórí, gbogbo ara ilé ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Àwọn alátakò rẹ́rìn-ín, wọ́n pè é ní ilé adìẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó nínú ilé adìẹ náà láàárọ̀ kùtù sàn ju ọmọ tó ń dúró de ilé aláràbarà lọ. Kí Jakande tó dágbére fáyé ní 2021, àwọn tó ti inú yàrá wọ̀nyẹn jáde ti di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òtítọ́ kejì kò ṣé é bò mọ́lẹ̀. Ilé tí wọ́n fi ìkánjú kọ́ kò tọ́jọ́ bíi ti onísùúrù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbó kí àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ tó dàgbà tán, àwọn ìjọba tó tẹ̀lé e ló wá ń wó wọn tí wọ́n ń kọ́ mìíràn sí i. Ẹ̀kọ́ tí 1955 kọ́ wa ni pé ilé láìsí olùkọ́, àsán ni. Ẹ̀kọ́ tí 1980 kọ́ wa ni pé ọmọ kò gbọdọ̀ dúró de ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìkánjú kọ́lé gbọ́dọ̀ fi owó àtúnṣe sápò.

Lóde òní, àbá méjì ni àwọn ìjọba máa ń gbé wá. Èkínní ni kí wọ́n da ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké pọ̀, kí wọ́n kọ́ ẹyọ kan tó tóbi. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Ọ̀ṣun nígbà ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá láàárín 2010 sí 2018. Ilé ńláńlá náà wu ojú rí, ṣùgbọ́n àwọn òbí kan fárí gá pé ilé-ẹ̀kọ́ ti jìnnà sí ọmọ. Ní ìgboro, ìyẹn lè ṣeé gbà. Ní ìgbèríko, ọmọ ọdún 6 kò lè máa fi ẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́ta lójúmọ́, kó sọdá ọ̀nà márosẹ̀, nítorí pé yàrá tó wà lọ́hùn-ún ní fèrèsé gíláàsì.

Àbá kejì ni kí wọ́n gbé ilé tó wà nílẹ̀ gòkè, kó di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ilé ilẹ̀ kò lè ru pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Èkó, nǹkan bí èèyàn 20 ló bá a lọ. Ní oṣù keje ọdún 2024, òmíràn wó ní Jos lásìkò tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì, èèyàn 22 ló kú. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni méjèèjì, àmọ́ ilé tó ń wó kò mọ ti aládàáni yàtọ̀ sí ti ìjọba. Bí àyẹ̀wò onímọ̀ ẹ̀rọ kò bá sí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ yín gòkè.

Wọ́n á ní kò sówó. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ìdá 2 nínú 100 owó àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ti kíkọ́lé nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé iye kan náà sílẹ̀ lápá tirẹ̀. Léraléra ni àjọ UBEC ti ké gbàjarè pé ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà wà nílẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan kò wá gbà, torí pé wọn kò mú tiwọn wá. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò, a kò wá àwo.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá wá sí abúlé yín pé àwọn fẹ́ fi yàrá kún ilé-ẹ̀kọ́, ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ló ka ọmọ? Kì í ṣe àwọn tó wà ní kíláàsì nìkan, ẹ ka àwọn tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn, torí àwọn ni yóò jókòó síbẹ̀ ní ọdún márùn-ún òní. Olùkọ́ mélòó ló ń bá yàrá náà bọ̀, ìgbà wo sì ni? Ta ni yóò tún òrùlé ṣe bí ìjì bá ṣí i? Ẹ̀ẹ̀kẹrin: ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà dà?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, àwa fúnra wa ló kàn. Ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi tọkàntọkàn yọ̀ǹda fún ilé-ẹ̀kọ́ ní 1955, ọmọ onílẹ̀ ti gé lára rẹ̀ tà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ṣọ́ọ̀bù ti dé ibi tí pápá ìṣeré wà. Bí gómìnà bá wá mú owó dé lọ́la, kò ní rí ibi tí yóò kọ́lé sí. Kí àwọn baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lọ wá ìwé ilẹ̀ náà jáde, kí wọ́n sàmì sí ààlà rẹ̀ báyìí.

Àwọn tó mọ ògiri amọ̀ ní 1955 kò ní owó tó tiwa. Ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ kà.