Títọ́jọ́ Yàtọ̀ sí Ìṣeégbójúlé: Èrò Kan lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí Tí Ẹni Tí Ń Ra Jíìpù Kékeré Àlòkù Nílò

Àwa tí a ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ìmọ̀ ìṣirò, ìmọ̀ èdè àti ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Yorùbá kan bá kó owó tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tù jọ lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò ọkọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan pàtó tí ó lè fi béèrè ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún jù lọ. Yóò béèrè bóyá ọkọ̀ náà 'dára'. Oníṣòwò yóò dá a lóhùn pé ó 'lágbára'. Àwọn méjèèjì yóò rò pé àwọn ti gbọ́ra wọn yé, owó yóò sì kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì. Èrò wa ni pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ 'lágbára' yìí, àti pé ó yẹ kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tirẹ̀. Jíìpù kékeré àlòkù ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá Toyota RAV4, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1994, àti Honda CR-V, tí ó jáde ní 1995, nítorí pé àwọn méjèèjì wọ́pọ̀ lójú títì wa.

I. Orúkọ tí a ti ní, àti ohun tí wọn kò sọ

Kí a kọ́kọ́ gbóríyìn fún àwọn ará ọjà. Láìsí ìgbìmọ̀ kankan, wọ́n mú 'Tòkunbọ̀', orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé, wọ́n fi sọ ọkọ̀ àlòkù tí ó gba orí omi dé. Orúkọ náà bá a mu rẹ́gí. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà wá nìkan ni ó sọ. Kò sọ bí wọ́n ṣe lò ó níbẹ̀. Ọkọ̀ tí ó wá láti àríwá Amẹ́ríkà tàbí Kánádà lè ti rin ọ̀pọ̀ ọdún lórí iyọ̀ tí wọ́n máa ń dà sí títì nígbà yìnyín, kí ìpẹtà sì ti jẹ abẹ́ rẹ̀ nígbà tí òkè rẹ̀ ń dán. Òmíràn lè ti mumi nínú àgbàrá ìjì líle kan kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ mọ́.

'Jíìpù' náà ní àléébù tirẹ̀. Ìrísí ni ó ń júwe: ọkọ̀ gíga tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn sókè. Kò sọ ẹsẹ̀ mélòó ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Nọ́ńbà 4 tí ó wà nínú orúkọ RAV4, ẹ̀rọ tí ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ fi ń tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ iwájú méjì nìkan ń fà. Ẹni tí ó ra irú èyí nítorí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko ti ra ìrísí, kò ra iṣẹ́.

Èdè wa ní ọ̀nà tí a lè gbà yanjú èyí. Bí a ṣe ṣẹ̀dá 'afàyàfà' láti ara 'fi àyà fà', a lè ṣẹ̀dá *afẹsẹ̀mẹ́rinfà* láti ara 'fi ẹsẹ̀ mẹ́rin fà', kí a sì fi *afẹsẹ̀méjìfà* kọjú sí i. Gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò mọ̀ pé ó yẹ kí òun wo abẹ́ ọkọ̀, bóyá ọ̀pá gígùn kan wà tí ó ti iwájú gbé agbára lọ sí àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Bí ọ̀pá yẹn kò bá sí níbẹ̀, afẹsẹ̀méjìfà ni.

II. Ohun mẹ́ta tí a ń pè ní 'agbára'

Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ohun tí olùrajà ń wá ní ìtumọ̀ tí ó dá dúró. Òun ni ìṣeéṣe pé ohun-èlò kan yóò ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ ṣe é, nínú ipò tí a sọ, fún àkókò tí a dá. Àwọn kan ti ń lo 'ìgbẹ́kẹ̀lé' fún èyí. A kò fara mọ́ ọn. Ọkàn ènìyàn ni ìgbẹ́kẹ̀lé ń gbé. Ènìyàn sì lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí kò yẹ. Ìwà tí ó wà lára ohun-èlò fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ dárúkọ, nítorí náà *ìṣeégbójúlé* ni a dábàá, láti ara 'ó ṣeé gbójú lé'.

Èkejì ni *títọ́jọ́*. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni; a ń sọ pé aṣọ tọ́jọ́, pé bàtà kò tọ́jọ́. Iye ọdún tí ohun-èlò yóò lò kí ó tó gbó tán ni ó ń wọ̀n. Ẹ̀kẹta ni *ìṣeétúnṣe*: bí ó ti rọrùn tó láti rí ẹ̀yà ara ọkọ̀ rà àti láti rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ọkọ̀ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kún ọjà Ládípò ní Muṣin ní ìṣeétúnṣe tí ó ga, ìbáà máa dákú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

III. Ẹ̀rí láti ara ọkọ̀

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àléébù mẹ́ta wò, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ yìí.

Àkọ́kọ́, RAV4 ti 2001 sí 2003 tí ń pa jíà dà fúnra rẹ̀. Irin ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn ọpọlọ ọkọ̀, a máa bàjẹ́ nínú púpọ̀ wọn. Ọkọ̀ yóò máa ta gìrì bí ó bá fẹ́ pa jíà dà, bí a bá sì ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, jíà náà yóò bàjẹ́. Títọ́jọ́ wà níbẹ̀. Ìṣeégbójúlé ni kò sí.

Èkejì, RAV4 ti 2006 sí 2008 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4. Púpọ̀ nínú wọn a máa mu ọ́ìlì, nítorí pé ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì àti ríìngì kọjá lọ jóná. Nígbà kan, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é pààrọ̀ písítìnì àti ríìngì fún àwọn tí ọkọ̀ wọn kùnà nínú àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò jí láràárọ̀, yóò sì gbé ènìyàn dé ibi iṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí olówó rẹ̀ bá ń wo ọ́ìlì tí ó sì ń bù kún un. Bí ó bá gbàgbé, ẹ́ńjìnnì yóò kú ní rèwerèwe. Ìṣeégbójúlé ti òní wà. Títọ́jọ́ ni ó wà nínú ewu.

Ẹ̀kẹta, CR-V afẹsẹ̀mẹ́rinfà ti ìran àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ẹsẹ̀ iwájú ni ó sábà máa ń fà á. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń yọ̀, fáńpù ọ́ìlì méjì tí ó wà lẹ́yìn yóò mọ ìyàtọ̀ eré àwọn ẹsẹ̀, wọn yóò sì fi agbára ọ́ìlì so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Irú ọ́ìlì kan pàtó ni ó ń fẹ́. Bí ọ́ìlì náà bá ti gbó, tàbí tí wọ́n bu òmíràn sí i, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò máa kérora nígbà tí ó bá ń yípo níbi tóóró. Àléébù yìí kò sí nínú irin. Inú ọ̀rọ̀ 'ipò' tí ó wà nínú ìtumọ̀ wa ni ó wà. Ohun kan náà tí ó ṣeé gbójú lé lọ́wọ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ kò ṣeé gbójú lé lọ́wọ́ ẹni tí kì í tọ́jú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ wọ̀nyí kọ́ wa ní ohun kan sí i. Bí a bá ní ọkọ̀ 100 tí ó jọra, tí 90 nínú wọn sì lo ọdún kan láìdákú, a lè sọ pé 90 nínú 100 ni ìṣeégbójúlé wọn fún ọdún náà. Olùkọ́ lè fi èyí kọ́ ìṣeéṣe ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n kò sọ fún olùrajà bóyá èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ wà lára 90 tàbí lára 10. Nítorí náà, 'Toyota ni' kì í ṣe ìdáhùn. Òkìkí ìran ọkọ̀ ni ìyẹn. Ìtàn ọkọ̀ kan ṣoṣo ni a ń béèrè. Kí a jí ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó tutù, kí a wo èéfín rẹ̀. Kí a yí i po, kí a tẹ́tí. Kí a wo bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba. Kí a ka àmì 17 tí wọ́n tẹ̀ sí ara ọkọ̀. Lára ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1981, àmì kẹwàá nínú wọn ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: 3 dúró fún 2003, 7 fún 2007. Iye máìlì tí ó wà níwájú awakọ̀ ṣeé dá padà sẹ́yìn; ènìyàn kò gbọdọ̀ fi òun nìkan ṣe ẹ̀rí.

IV. Àtakò kan

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn mẹkáníìkì ti ní èdè tiwọn, pé kí a fi wọ́n sílẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n ní in, a kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì, jíà àti táyà ti di ti Yorùbá; àsìkò ni a ó fi ṣòfò bí a bá ń wá orúkọ mìíràn fún wọn. 'Ó ń mu ọ́ìlì' àti 'wọn kò tíì tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí' sàn ju ohun tí ìgbìmọ̀ kankan lè ṣẹ̀dá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara àti àìsàn ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ń dárúkọ. Ìwà tí a fi ń ṣe ìdájọ́ ni kò ní orúkọ, níbẹ̀ sì ni olùrajà ti ń pàdánù. Ẹni tí ó lè sọ pé, 'Mo gbà pé ó tọ́jọ́. Ìṣeégbójúlé rẹ̀ ni mò ń béèrè,' kò ní ṣeé fi 'ó lágbára' pa lẹ́nu mọ́.

Àbá wa, nígbà náà, kò ju méjì lọ. Kí àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè dán títọ́jọ́, ìṣeégbójúlé àti ìṣeétúnṣe wò, nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti nínú ti jẹnẹrétọ̀ àti fáńpù omi pẹ̀lú. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ lọ sí ọgbà mẹkáníìkì, kí wọ́n gbọ́ bóyá ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju ìwọ̀nyí ti wà lẹ́nu àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá wà, tiwọn ni kí a gbà, kí a sì jẹ́ kí tiwa lọ.