Sienna tí kò fà mọ́: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó

Àwọn kan lè bèèrè pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ó kàn án púpọ̀. Ní agbègbè wa yìí, láti Ìṣẹ́ títí dé Ìkẹ́rẹ́, ọkọ̀ ẹbí tàbí ti aládùúgbò ló sábà máa ń gbé aboyún tó ń rọbí, tàbí àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, lọ sí ọsibítù ńlá l'Ádó lóru. Sienna tókúńbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Èkìtì. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dákú lórí òkè, ẹ̀mí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló wà nínú ewu.

Kí ni wọ́n ń pè ní mísì?

Ṣílíńdà mẹ́fà ló wà nínú ẹ́ńjìnnì Sienna tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2010. Epo àti afẹ́fẹ́ á wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ́ńjìnnì á fún wọn pọ̀, pílọ́ọ̀gì á sì ta iná sí i. Bí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò bá gbiná nígbà tó yẹ, àwọn mẹkáníìkì á ní ẹ́ńjìnnì ń mísì. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn mẹ́fà jọ gbé ẹrù, tí ẹnì kan wá fi ọwọ́ sílẹ̀. Ẹrù á fì, àwọn márùn-ún tó kù á sì máa mí hẹlẹ.

Àwọn àmì tí ẹ ó rí nìyí: ọkọ̀ á máa gbọ̀n bó bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá tẹ iná, á máa já síwájú já sẹ́yìn, kò ní fà bó bá dé orí òkè, epo á máa tètè tán, òórùn bẹntiróòlù lè máa jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Iná kékeré tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì á sì tàn lójú dáṣíbọọ̀dù.

Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú

Bí iná yìí bá tàn tí kò ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ sì ń lọ dáadáa, ẹ rọra wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Àmọ́ bó bá ń tàn tó ń kú, tó ń ṣẹ́jú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ẹ wá ibi tí kò léwu páàkì sí. Epo tí kò jó nínú ṣílíńdà ló ń bá èéfín jáde, tó ń lọ jó nínú kàtálístì, ìyẹn àpótí irin tó ń dín oró èéfín kù lábẹ́ ọkọ̀. Kàtálístì á gbóná débi pé inú rẹ̀ lè yọ́, kó sì dí. Bó bá ti dí, èéfín kò ní rí ọ̀nà jáde, ọkọ̀ kò sì ní lágbára mọ́. Báyìí ni ọ̀rọ̀ pílọ́ọ̀gì kan ṣoṣo ṣe ń di owó ńlá.

Àyẹ̀wò ló ṣáájú oògùn

Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí á máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí a bá fura pé ó ní ibà, kí á tó fún un lóògùn ibà. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe fún ọkọ̀. Ohun tó ń tán owó lápò àwọn òbí wa ni kí mẹkáníìkì ní pílọ́ọ̀gì ni lónìí, kó ní pọ́ǹpù epo ni lọ́la, kó tún ní kọ́ìlì ni lọ́tùn-únla, kí ẹ sì máa sanwó gbogbo rẹ̀.

Sienna tó wá láti Amẹ́ríkà ní ojú ihò kan lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, lọ́dọ̀ awakọ̀. Òfin wọn lọ́hùn-ún ló sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọkọ̀ láti 1996. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí ẹ̀rọ náà kọ hàn yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. P0301 túmọ̀ sí pé ṣílíńdà kìíní ló ń mísì, P0302 ni ìkejì, títí dé P0306. Bó bá jẹ́ P0300, kò dúró sójú kan. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò, bí epo àti afẹ́fẹ́.

Nínú Sienna, ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà ló wà níwájú. Ìkíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún wà lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ kì í tètè dé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì mẹ́ta iwájú, tí wọ́n á fi mẹ́ta ẹ̀yìn sílẹ̀. Bí ẹ bá sanwó mẹ́fà, ẹ gba mẹ́fà àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kà wọ́n.

Bó bá jẹ́ Sienna 2001 sókè, pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́ìlì tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ P0302, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n pààrọ̀ àyè kọ́ìlì kejì àti ti ìkẹrin, kí wọ́n pa ohun tí ẹ̀rọ kọ rẹ́, kí wọ́n sì wa ọkọ̀ náà díẹ̀. Bó bá di P0304, kọ́ìlì ló bàjẹ́, ẹ ra ẹyọ kan. Bó bá ṣì jẹ́ P0302, kọ́ìlì kò jẹ̀bi. Kí wọ́n wo pílọ́ọ̀gì ibẹ̀, lẹ́yìn náà ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo, kí wọ́n tó wọn agbára ṣílíńdà fúnra rẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni máa fa wáyà pílọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Iná tó wà níbẹ̀ lágbára.

Bí ọkọ̀ kò bá gbọ̀n, àmọ́ tí kò fà

Ẹ wo fítà afẹ́fẹ́ ná, nítorí eruku ọ̀yẹ́ máa ń dí i. Lẹ́yìn náà ni epo. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ tó ń bójú tó epo ní Nàìjíríà kéde pé methanol pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú bẹntiróòlù kan tó wọ ọjà. Bí ọkọ̀ yín bá bẹ̀rẹ̀ ìṣòro yìí ní kété tí ẹ ra epo tán, ẹ sọ fún mẹkáníìkì, ẹ má fi pamọ́. Epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà náà lè ní omi nínú.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ wa ló ń ra epo díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí pé inú táǹkì ni pọ́ǹpù epo wà, epo tó yí i ká ló sì ń mú kó tutù. Ẹ má máa jẹ́ kó gbẹ délẹ̀. Bí epo àti afẹ́fẹ́ bá dára, kí wọ́n wo kàtálístì bóyá ó ti dí.

Ewu tí ojú kò rí

Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n yọ kàtálístì, kí wọ́n sì tà á. Ẹ má gbà. Èéfín ọkọ̀ ní carbon monoxide nínú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń gba àyè afẹ́fẹ́ ẹ̀mí nínú ẹ̀jẹ̀. Kàtálístì ló ń dín in kù. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, tí sàlẹ́ńsà tún ní ihò, tàbí tí wọ́n fi okùn so búùtù tó ṣí sílẹ̀ nítorí ẹrù iṣu, èéfín lè fà wọ inú ọkọ̀. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn, tí í sábà jẹ́ ọmọdé, ló máa kọ́kọ́ fà á símú. Bí orí bá ń fọ́ àwọn èèyàn inú ọkọ̀, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn tàbí tí oorun àìròtẹ́lẹ̀ ń kùn wọ́n, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo yín bọ́ sí ìta, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù. Àgbàlagbà, aboyún, ọmọ kékeré àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn ni ó ń tètè mú.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkọ̀ yín wò lọ́sàn-án, nígbà tí ara gbogbo ilé le. Ẹ má dúró di òru tí ẹnì kan yóò nílò rẹ̀. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.