Ẹ Fẹ̀yìntì, Ẹ Má Fẹ̀yìn Lélẹ̀

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ìjọba ti yọ̀ǹda, fẹ̀yìntì ni wọ́n ní ká ṣe, wọn ò ní ká fẹ̀yìn lélẹ̀. Ohun tí mò ń rí ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀gá tí gbogbo ọ́fíìsì ń dìde kí lánàá, òun ló jókòó sí fàráǹdà láti àárọ̀, tó ń wo fóònù bóyá pẹ́ńṣàn ti wọlé, tó ń bá ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù jà pé kò pe òun. Kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀ níbì kankan mọ́. Àrùn tó ń ṣe é nìyẹn.

Iṣẹ́ tí a ó máa ṣe fún ará ìlú ni oògùn rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tí sòbìà ń bá jà ní Nàìjíríà lé ní 600,000. Ta ló lé e lọ? Dókítà nìkan kọ́ o. Àwọn ará abúlé tí kò gba owó oṣù ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, wọ́n ń kọ́ aráalé bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. Ní 1999, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ti jẹ olórí Nàìjíríà rí, tó sì ti lé lẹ́ni 60 ọdún, dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Ó ń wọ abúlé, ó ń bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ omi mímu. Nígbà tó di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ní kí ẹ wá; mi ò ní kí ẹni tí eékún ń dùn lọ ru sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ yé sọ pé “Bàbá, ẹ lọ sinmi” bí ẹni ń lé adìẹ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìkìlọ̀ mi ti le jù nìyí: ẹ má gbé àga ọ̀gá dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ ṣèrànwọ́. Èmi alára kọsẹ̀ níbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ máa bá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà. Ọjọ́ kejì ni mo ti ń yẹ nóòtì tíṣà wò. Tíṣà náà, ọmọbìnrin kan, kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Àwọn mẹ́rin kan wà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn tí wọn ò tíì mọ a, b, d.”

Ojú tì mí. Mo gbé bẹ́ǹṣì, mo lọ bá wọn.

Ọ̀kan nínú wọn ti ń ka àkọlé ara mọ́tò báyìí, ariwo ló sì fi ń kà á. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò lọ. Kó tó di aago méjì, òun ló wá kan ilẹ̀kùn.