Ilẹ̀kùn Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga àti Àwa Olùkọ́ Ìkòròdú òun Ẹ̀pẹ́

Àwọn òǹkàwé wa kan ní Ìkòròdú ti kọ̀wé sí wa, wọ́n ní kí ló dé tí ìwé oṣooṣù yìí kì í fi tẹ ọjọ́ tí àwọn Yunifásítì yóò pa fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ lẹ́yìn dìgírì dé, bí ó ti máa ń tẹ ọjọ́ ìpàdé Ẹgbẹ́ àti ọjọ́ ìsìnkú àwọn àgbà. Ìbéèrè náà tọ́, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bi wá. Ìdáhùn wa kò gùn. Ọjọ́ ìsìnkú kì í yẹ̀. Ọjọ́ fọ́ọ̀mù a máa yẹ̀. Kí ìwé wa tó ti ilé ìtẹ̀wé jáde, wọn a ti sún ọjọ́ náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ó tó dé ọwọ́ òǹkàwé ní Ẹ̀pẹ́, wọn a tún ti sún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé sísún yìí bá sì wá dìde lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, yóò rí i pé lọ́dún náà a kò sún un rárá, ilẹ̀kùn ti tì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọjọ́ gan-an, kí ó lọ wo ojú òpó Yunifásítì náà fúnra rẹ̀, kí ó sì máa wò ó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa láti sọ ní oṣù yìí jinlẹ̀ ju ọjọ́ lọ.

Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìkòròdú àti ọmọ Ẹ̀pẹ́ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2022. Ní ọdún náà ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogbo-ń-ṣe ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó wà ní Ìkòròdú, di Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ. Ní ọdún kan náà ni ó so ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ méjì pọ̀, ti Adéníran Ògúnsànyà tí ó wà ní Ìjànìkín, àti ti Michael Ọ̀tẹ́dọlá tí ó wà ní Noforija lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ó sì fi wọ́n ṣe Yunifásítì kan ṣoṣo fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí orúkọ méjèèjì wọ̀nyí. Olóyè Adéníran Ògúnsànyà, agbẹjọ́rò àti òṣèlú, ọmọ Ìkòròdú ni, a bí i ní ọdún 1918. Michael Ọ̀tẹ́dọlá, tí ó ṣe Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1992 títí di 1993, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ni. Bí ẹni pé ìlú méjèèjì ni wọ́n so ọwọ́ ara wọn pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ ni pé Ẹ̀pẹ́ gan-an ni a ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó padà di ti Ìjànìkín yìí, ní ọdún 1958, gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ onípele kẹta, kí wọ́n tó gbé e kúrò. Ọmọ tí a bí ní Ẹ̀pẹ́, tí ó lọ dàgbà lọ́nà Àgbádárìgì, ni ó padà wá bá àbúrò rẹ̀ nílé.

A kò gbàgbé àwọn yòókù: Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983, tí ó ní ọgbà àwọn ẹlẹ́rọ ní Ẹ̀pẹ́, Yunifásítì Caleb ní Ìmọ́tà, Yunifásítì Augustine ní Ìlárá. Nígbà tí àwa wà ní ọ̀dọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ dìgírì láti àdúgbò wa níláti kọrí sí Àkókà tàbí Ọ̀jọ́, tàbí kí ó gba Ìbàdàn lọ. Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti wá bá wa ní ìloro. Ṣùgbọ́n kí ilé wà ní ìloro ẹni kò wí pé ẹni náà yóò wọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí. Yunifásítì kò dà bí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì àtijọ́, olùkọ́ tí ó ní dìgírì kan tí ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè jókòó pẹ̀lú iyì títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Nínú Yunifásítì, ẹni tí kò bá ní oyè ọ̀mọ̀wé, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ni yóò dúró sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn tí ó gòkè ti kọ́ ìwé. Bí àwọn ọmọ wa kò bá lọ gba oyè kejì àti oyè ìjìnlẹ̀ nísinsìnyí, àwọn àga tí ó wà ní Noforija àti ní Ìkòròdú kò ní ṣófo. Àwọn ẹlòmíràn ni yóò jókòó sí wọn. A kò bínú sí àlejò. Ilẹ̀ wa ti gba àlejò púpọ̀, Ẹ̀pẹ́ tìkára rẹ̀ sì gba Kòsọ́kọ́ àti gbogbo ènìyàn rẹ̀ nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní Èkó ní 1851, débi pé títí di òní a ń sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé onílé kò gbọdọ̀ di ẹni tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò lásán.

Àtẹ̀gùn náà kò ṣòro láti kà. Ẹni tí ó gba dìgírì nínú ìmọ̀ mìíràn, bíi ìṣirò owó tàbí ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn, tí ó sì fẹ́ ṣe olùkọ́ ní ìbámu pẹ̀lú òfin ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùkọ́ ti 1993, PGDE ni yóò kọ́kọ́ lọ gbà. Ẹni tí ó gba HND ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo-ń-ṣe, ọ̀nà dípúlómà lẹ́yìn dìgírì náà ni yóò sábà gbà kí ó tó dé Másítàsì. Lẹ́yìn Másítàsì, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá yọrí dáadáa lè tẹ̀ síwájú sí oyè ọ̀mọ̀wé. A mọ̀ pé ó gùn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá tí ó ní kírédíìtì márùn-ún, ìwé ẹ̀rí dìgírì, ìwé àgùnbánirọ̀, lẹ́tà àwọn ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n mọ ènìyàn dáadáa, owó fọ́ọ̀mù tí a kì í dá padà, àti ìwé àkọsílẹ̀ máàkì tí wọ́n ń pè ní transcript, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ níláti fi ránṣẹ́ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun. Púpọ̀ nínú ìyókù ń bẹ nínú àpótí ẹni. Transcript ń bẹ nínú àpótí ẹlòmíràn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ wa.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a kọ́, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní abúlé kan létí ọ̀sà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, sanwó transcript ní oṣù kẹwàá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde, tí a kò ní dárúkọ, ní kí ó máa retí. Ó lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ó jí ní agogo mẹ́rin òru, ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà pé fáìlì ń bọ̀. Nígbà tí fáìlì dé, ilẹ̀kùn ti tì. Lọ́dún kejì, transcript ti wà nílẹ̀. Ó wá fi orúkọ wa sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìwé dé sí wa láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, a sì sọ lọ́kàn ara wa pé ó di ẹ̀yìn Àjíǹde. Lẹ́yìn Àjíǹde, ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pọ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí a ṣí ibi tí a ó ti kọ lẹ́tà náà, ó ti pa dé ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn.

Kò bá wa jà. Ó wá kí wa nílé, ó gbé ẹja tútù láti Ọjà Olúwo wá, ó ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín." Ẹja náà ṣòro fún wa láti jẹ. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wàásù lórí àwọn wúńdíá mẹ́wàá, a sì máa ń bá àwọn márùn-ún tí wọn kò ní òróró wí gidigidi. A kò ronú kan ẹni tí ń ta òróró rí. Ní ọdún náà, àwa ni a ń ta òróró, a sì ti ṣọ́ọ̀bù wa lọ sùn. Àkọ́bí ọkùnrin náà wọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ní ọdún tí ó yẹ kí bàbá rẹ̀ ti gba Másítàsì.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń bá àwọn Yunifásítì wí, kí wọ́n mọ̀ pé a ti kọ́kọ́ bá ara wa wí. Ìbáwí wa sí wọn nìyí: sísún ọjọ́ síwájú kì í ṣe àánú. Ẹni tí ó wà nínú ìlú Èkó, tí ó ní ọ̀rẹ́ nínú ọ́fíìsì, ni í gbọ́ pé wọ́n ti sún un. Ẹni tí ó wà ní etí ọ̀sà, tí iná mànàmáná kò dúró fún, tí ó sì ti gbà pé ọjọ́ ti kọjá, kì í gbọ́. Sísún náà ń fi èrè fún ẹni tí ó pẹ́, ó sì ń sọ ẹni tí ó tètè múra di ẹlẹ́yà. Kí wọ́n mú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú ọdún, kí ó máa jẹ́ ọ̀sẹ̀ náà lọ́dọọdún bí a ti mọ ọjọ́ ìkórè. Kí wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Kí wọ́n sì kọ ìkéde náà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, àti ní ọjà.

A ti gbọ́ ẹ̀rín àwọn kan. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè ka ìkéde Gẹ̀ẹ́sì, kí ni ó ń wá nínú Másítàsì? Ẹni tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ bí a ti í rán olùkọ́ lọ sí Yunifásítì ní ilẹ̀ wa. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń lọ. Ìyá rẹ̀ tí ń ta ẹja ni yóò yá a lówó. Ọkọ tàbí aya rẹ̀ ni yóò gbà pé kí ó máa pẹ́ délé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò gba ọmọ rẹ̀ tọ́jú. Àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí wọ́n ka ìkéde náà. Bí ìyá bá ti rí ọjọ́ náà lára ògiri ọjà, kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sùn.

Ó tún kù. Ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbi tí olùkọ́ wà. Bí wọ́n bá ní kí olùkọ́ Ẹ̀pẹ́ máa lọ sí Ìjànìkín fún kíláàsì Másítàsì, láti ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó títí dé ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, wọ́n ti sọ fún un pé kí ó má wá. Kíláàsì ọjọ́ Sátidé àti ti ìgbà ìsinmi, ní Noforija fún àwọn ará Ẹ̀pẹ́, tí àwọn ará Ìkòròdú náà lè gba ọ̀nà Ìmọ́tà àti Ìtòkín dé, yóò ṣe é ní àǹfààní ju ìlérí púpọ̀ lọ.

A sì fẹ́ kí àwọn tí ó bá wọlé ronú lórí ohun tí wọn yóò wádìí. Yàrà ńlá tí a ń pè ní Ẹ̀rẹ̀dò Ṣùngbọ́, tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní ohun tí ó ju 160 kìlómítà lọ, tí apá rẹ̀ kan wà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, Òyìnbó kan, Peter Lloyd, ni ó kọ̀wé lé e lórí ní 1959. Òyìnbó mìíràn, Patrick Darling, ni ó tún wọ inú igbó lọ wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1990. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé wa ni. Èdè àwọn apẹja lórí ọ̀sà, orúkọ ẹja àti ti afẹ́fẹ́ tí àwọn àgbà nìkan mọ̀, ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú ti Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ti ìgboro Èkó: gbogbo ìwọ̀nyí tó iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, a sì lè fi èdè Yorùbá kọ ọ́ ní ẹ̀ka Yorùbá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé olùkọ́ kékeré kò lè dé ibẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé, ọmọ Ìjẹ̀bú, ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti St Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó ti jáde. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh ní 1963, gírámà Yorùbá rẹ̀ sì jáde ní 1966. Babs Fáfúnwá, ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ní New York ní 1955. Òun náà ni ó padà wá sí Ifẹ̀, tí ó fi hàn láti 1970 pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kì í rẹ̀yìn.

Àwa ní tiwa ti pinnu láti máa kọ lẹ́tà ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ tí a bá gbà á. Ọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ti gba fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́tà tiwa ti lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tí ń bọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ kí á bá òun yẹ ìwé wò kí ó tó fi ránṣẹ́, kí ó kó wọn wá bá wa ní yàrá ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Sátidé kejì oṣù, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Kí ó mú ẹ̀dà méjì-méjì wá, kí ó sì ti sanwó transcript rẹ̀ ṣáájú.